Ebi Kọ́ Ló Ń Pa Ọ̀nà

Ẹ ó ti rí fídíò yẹn rí. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ò tíì lù, òjò ń ṣẹ́ wẹ́liwẹ̀li, àwọn ọmọdé tò lọ rẹrẹ lórí kẹ̀kẹ́, báàgì ìwé wà lẹ́yìn wọn, wọ́n ń lọ sí iléèwé. Kò sí bàbá níwájú, kò sí màmá lẹ́yìn. Òmíràn fi ọwọ́ kan di kẹ̀kẹ́ mú, ó ń fi ìkejì jẹ búrẹ́dì. (Báísíkù là ń sọ o, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá.) Netherlands ni wọ́n ti ya á. Tí a bá wò ó tán, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ ni pé, "Àwọn òyìnbó yìí mà ń gbádùn o," a ó sì fi ìka tì í sókè, ó di fídíò mìíràn. Bíi pé bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn. Bíi pé wọ́n bí wọn mọ́ kẹ̀kẹ́ ni.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìran àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà àwọn ọmọ inú fídíò yẹn sin ọmọ, wọ́n sin ọmọ títí. Ní ọdún 1971 nìkan, àwọn tó kú sí ojú títì ní orílẹ̀-èdè kékeré náà ju 3,000 lọ, àwọn tó jẹ́ ọmọdé nínú wọn sì ju 400 lọ. Ẹ fi ọjọ́ pín in: ó lé ní ọmọ kan lójúmọ́, àti Sátidé àti Sọ́ńdè. Òmíràn ń ṣeré lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, òmíràn ń lọ jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, òmíràn wà lọ́nà iléèwé. Bí wọ́n ṣe kúrò níbẹ̀ la fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí bàbá kan fi pe ikú ọmọ rẹ̀ sì wà láàárín ìtàn náà gbọngbọn.

Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ló ni ìgboro Amsterdam. Olówó ń gùn ún, òṣìṣẹ́ ń gùn ún, ọmọ iléèwé ń gùn ún. Ogun parí, owó wọlé, mọ́tò dé. Ní 1960, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù mọ́tò ló wà ní gbogbo Netherlands. Nígbà tó fi máa di 1970, ó ti lé ní mílíọ̀nù méjì. Ibo ni wọ́n fẹ́ kó wọn sí? Ìlú tó ti wà láti ayé ọkọ̀ ojú omi ni Amsterdam, omi tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ló yí i ká, ojú ọ̀nà rẹ̀ ò sì fẹ̀ rárá. Àwọn ọ̀mọ̀ràn wá ní kí ìlú gé ara rẹ̀ kúrú kí mọ́tò lè ráàyè. Ní 1954, ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà, Hendrik Kaasjager, dábàá pé kí wọ́n rọ́ yẹ̀pẹ̀ dí púpọ̀ nínú àwọn odò àtọwọ́dá inú ìlú náà, kí wọ́n sọ wọ́n di títì àti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹ fojú inú wò ó: odò tí gbogbo ayé ń wọ bàálù lọ wò lónìí! Ní 1967, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ David Jokinen tún gbé àbá tirẹ̀ dé, pé kí wọ́n dí omi Singelgracht, kí títì ńlá gba orí rẹ̀ kọjá. Ìlú ò gba àbá méjèèjì wọlé, ṣùgbọ́n ibi tí ọkàn àwọn aláṣẹ wà nìyẹn. Wọ́n wó ilé láwọn àdúgbò kan kí ọ̀nà lè fẹ̀. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ń dín kù lọ́dọọdún, torí ta ló fẹ́ kú?

Kí ni wọ́n sọ fún àwọn ọmọ? Ohun tí wọ́n sọ fún àwa náà ni. Ṣọ́ra. Dúró. Wọ̀tún wòsì. Ọmọ ló gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ mọ́tò, kò sẹ́ni tó bi mọ́tò ní ìbéèrè kankan. Tiwa tilẹ̀ tún ní àpada nínú. Ní ọjọ́ kejì oṣù April, 1972, Nàìjíríà kúrò ní apá òsì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi lé wa lọ́wọ́, gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọmọ tó ti há a sórí pé ọ̀tún ni kí òun kọ́kọ́ wò kí òun tó sọdá, òsì ló wá di dandan kó kọ́kọ́ wò láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn lọ. Ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ bó ṣe yára gbàgbé èyí tó mọ̀.

Ọdún 1972 yẹn náà ni bàbá tí a ń sọ kọ ohun tó kọ. Vic Langenhoff ni orúkọ rẹ̀, akọ̀ròyìn ni, ìwé ìròyìn De Tijd ló ń bá ṣiṣẹ́. Ní ọdún tó ṣáájú, mọ́tò pa ọmọbìnrin rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Orí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló wà, iléèwé ló ń lọ. Bàbá náà jókòó, ó kọ àpilẹ̀kọ kan, ó pè fún ẹgbẹ́ àwọn òbí tí yóò kojú ìjọba, ó sì fún àpilẹ̀kọ náà ní àkọlé ọ̀rọ̀ mẹ́ta: Stop de Kindermoord. Ẹ yéé pa ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Dutch ń lò fún ìjàǹbá ọkọ̀ ni ongeluk. Tí ẹ bá tú u wò, geluk ni oríire, on sì ni "àìsí" tó wà níwájú rẹ̀. Àìríoríire. Ọmọ lọ sí iléèwé, orí ò ṣe é ní rere, ó parí. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe àwa nìkan? Tí ọkọ̀ bá gbá ọmọ lọ́dọ̀ wa, kí ló kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu? "Àmúwá Ọlọ́run ni." "Iṣẹ́ èṣù ni." Awakọ̀ á ní bíréèkì ló já. Àwọn àgbà á ní Ògún ló fẹ́ mu ẹ̀jẹ̀. Àdúrà wa náà sì wà ńlẹ̀, pé a ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àmín o, a kì í fi àdúrà yẹn ṣeré. Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀: ọ̀nà ló lẹ́nu, ọ̀nà ló ní ikùn, ọ̀nà ló jẹun. Kò sí ẹnjiníà tó ya ọ̀nà ọ̀hún nínú rẹ̀. Kò sí kọmíṣọ́nnà tó buwọ́ lù ú. Kò sí ẹni tó tẹ iná mọ́lẹ̀ kọjá níwájú iléèwé.

Langenhoff ò lo ongeluk. Moord ló lò, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ apànìyàn. Ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn sì máa ń ṣe nìyí: tí ẹ bá ti pe nǹkan ní ìpànìyàn, ìbéèrè tó tẹ̀lé e kì í ṣe "kí ni Ọlọ́run fẹ́ fi kọ́ wa?" mọ́. "Ta ló pa á?" ni. Tí wọ́n bá sì ti bèèrè ìyẹn, ojú á kúrò lára ọmọ tí kò wọ̀tún wòsì, á lọ sára ẹni tó fàyè gba ọkọ̀ láti máa sá eré báyẹn níbi tí ọmọ ń gbà. Àwọn kan máa sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti le jù, pé awakọ̀ ò jí láàárọ̀ kó sọ pé òun fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Òótọ́ ni. Ó le. Lójú tiwa, bí kò bá le tó bẹ́ẹ̀, wọn ì bá kí bàbá náà kú ìrọ́jú, kí wọ́n sì ṣí ojú ewé kejì.

Àwọn òbí dáhùn. Ọ̀kan nínú wọn ni Maartje van Putten, ìyálọ́mọ kan ní Amsterdam tí kò tíì ju ẹni ọdún mẹ́tàlélógún lọ, ẹgbẹ́ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí. Òun ló di ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ náà. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó di aṣòfin ní ilé ìgbìmọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, ṣùgbọ́n nígbà yẹn ìyàwó ilé àdúgbò ni. Wọ́n gba ọ́fíìsì sínú ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ kan. Wọ́n kó kẹ̀kẹ́ jáde lọ́pọ̀ yanturu láti fẹ̀hónú hàn. Wọ́n lọ dúró sí oríta tí ọkọ̀ ti ń pa ènìyàn, wọn ò kúrò. Ibi tó dùn mọ́ wa jù ni ti oúnjẹ: wọ́n dí òpópónà kan, wọ́n gbé tábìlì sáàárín títì, gbogbo àdúgbò jókòó, wọ́n jẹun. Ọlọ́pàá ò na ẹnikẹ́ni, wọ́n tiẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Tí a bá rò ó dáadáa, ọmọ Yorùbá kankan ò gbọdọ̀ ya ẹnu sí èyí. Àwa tí à ń dí títì ní gbogbo Sátidé nítorí òkú àti ìyàwó, tí à ń ta kánópì láti ilé kìíní dé ilé kẹwàá! A mọ bí wọ́n ṣe ń gba títì lọ́wọ́ mọ́tò. A kàn ò tíì gbà á nítorí ọmọ tó ń lọ iléèwé ni.

Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé olórí ìjọba, Joop den Uyl, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn wọn, wọ́n kọrin, wọ́n ní àwọn ń bèèrè títì tí ọmọ lè rìn. Ẹ má gbàgbé pé àwọn ọmọ fúnra wọn ò jókòó tẹtẹrẹ. Ní De Pijp, àdúgbò kan ní Amsterdam tí wọ́n ti kọ́ kí mọ́tò tó dé ayé, ilé fún mọ́ ilé, ènìyàn pọ̀ bí eéṣú, mọ́tò sì ti gba gbogbo ibi tí ọmọ lè gbá bọ́ọ̀lù. Tẹlifíṣọ̀n ya àwọn ọmọ àdúgbò náà ní 1972. Wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń gba ìbuwọ́lùwé pé kí wọ́n fi òpópónà kan sílẹ̀ fún eré. Nígbà tó yá, wọ́n kó nǹkan dí ojú ọ̀nà. Àwọn àgbà kan tó fẹ́ gbé mọ́tò kọjá bínú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ariwo ta. A ti wo fíìmù náà. Ojú àwọn ọmọ yẹn ò jọ ojú ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Ojú ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ ni.

Bóyá gbogbo èyí ì bá parí sí orin àti ìbuwọ́lùwé, a ò lè sọ. Ogun kan ló bẹ́ sílẹ̀ níbi tó jìnnà réré. Ní October 1973, Íjíbítì àti Síríà kọlu Ísírẹ́lì. Netherlands gbè sẹ́yìn Ísírẹ́lì, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá sì ní àwọn ò ní tà epo fún wọn mọ́. Ìjọba den Uyl pàṣẹ pé mọ́tò aládàáni ò gbọdọ̀ jáde lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ọjọ́ kẹrin oṣù November, 1973 ni àkọ́kọ́, wọ́n sì ń ṣe é títí wọ inú January 1974. Gbogbo títì dá wáí. Àwọn ọmọ gun kẹ̀kẹ́ bọ́ sórí òpópónà márosẹ̀, wọ́n fi bàtà oníkẹ̀kẹ́ sáré lórí ọ̀nà tó jẹ́ pé lọ́jọ́ Sátidé, ẹni tó bá fẹsẹ̀ kàn án ti kú. Odindi ìlú fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí àwọn òbí yẹn ti ń sọ láti ọdún kan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù December, den Uyl bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó sọ fún wọn pé ayé tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ò ní padà wá mọ́.

Ibí ni ìtàn náà ti kan ilé wa. Epo kan náà ni. Ọ̀wọ́n epo tó pa títì àwọn Dutch dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè ló da owó sí Nàìjíríà lápò: iye àgbá epo rọ̀bì kan fò láti nǹkan bíi dọ́là mẹ́ta sí nǹkan bíi dọ́là méjìlá láàárín oṣù díẹ̀. Ìgbìmọ̀ Udoji gbé àbọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ ní 1974, owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba ròkè, àjẹsílẹ̀ rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè ohun tí ọ̀pọ̀ fi owó Udoji rà. Ní 1975, Kàdúná ti ń to Peugeot, Èkó ti ń to Volkswagen. Ní 1978 wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ọdún mẹ́ta-mẹ́rin yẹn kan náà tí àwọn ará Amsterdam ń fi gbé mọ́tò kúrò lójú ọ̀nà ọmọ, òun náà la fi ń gbé e wá sójú ọ̀nà tiwa, ìlù sì ń dún.

Ọ̀nà ọmọ mà ni o. Ní ọjọ́ 17 oṣù January, 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Iye ọmọ tó wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí ohun tó lé ní 811,000. Wọ́n ní kí ọmọ na ọwọ́ kọjá orí, tó bá ti kan etí kejì, ó ti tó iléèwé í lọ nìyẹn. Ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn fi ń lọ, láti abúlé dé abúlé, ẹ̀gbọ́n á di àbúrò lọ́wọ́ mú, àwọn tó wà níwájú á dúró de àwọn tó wà lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní ètò kankan. Ohun tí wọ́n bẹ̀rù lọ́nà ni ejò, odò tó kún, àti pàṣán tíṣà tí wọ́n bá pẹ́. Ìran tó tẹ̀lé wọn ló wá ń sọdá ọ̀nà márosẹ̀ lọ sí iléèwé.

A ò lè sọ pé kò sẹ́ni tó pariwo. Wọlé Ṣóyínká ti kọ eré The Road láti 1965, ikú ojú ọ̀nà ló dá lé. Nígbà tó ń kọ́ni ní Ifẹ̀, tí ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn ń jẹ akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́, ó wà lára àwọn tó dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1970. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀ ní 1988, òun ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Òǹkọ̀wé ló bẹ̀rẹ̀ é níbí, òǹkọ̀wé ló bẹ̀rẹ̀ é níbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ìyàtọ̀ kan tó ń gún wa lójú: awakọ̀ ni ẹ̀ṣọ́ tiwa dojú kọ, eré àsápajúdé, ọtí, lásẹ́ńsì ayédèrú. Ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ ni àwọn òbí Dutch dojú kọ.

Ìyẹn sì ni iṣẹ́ tó kù, iṣẹ́ tí kò ní orin nínú. Ní ìlú Delft, láti ìparí àwọn ọdún 1960, ẹnjiníà ìjọba ìlú kan, Joost Váhl, àti àwọn ará àdúgbò ti ń dán nǹkan kan wò: kí wọ́n gbin igi sáàárín òpópónà, kí wọ́n wọ́ ojú ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ, kí wọ́n gbé ilẹ̀ ga níbì kan, débi pé bí awakọ̀ ti lẹ̀ ní agídí tó, kò ní lè sáré. Woonerf ni wọ́n pè é. Tí wọ́n bá ní ká fún un lórúkọ, a ò ní wá a jìnnà: agbo ilé ni. Níbẹ̀, ọmọ ló nilé, mọ́tò ló jẹ́ àlejò, ìrìn ẹsẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ rìn. Ó wọ inú òfin orílẹ̀-èdè ní 1976. Ní The Hague àti Tilburg, wọ́n la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gba àárín ìgboro. Inú àwọn onísọ́ọ̀bù kan ò dùn, wọ́n ní oníbàárà ò ní ráyè gbé mọ́tò sí. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ọ̀nà kan ṣoṣo ò tó. Ọmọ tó fi ọ̀nà tó dára lọ fún ìdajì ìrìn, tó wá já sí oríta ikú, kò tíì dé iléèwé. Gbogbo ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ so kọ́ra, láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ẹnu gééètì. Ìyẹn gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún, owó gidi sì lọ sí i.

Òfin náà yí padà. Lónìí, tí mọ́tò bá gbá ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá, tí ọmọ náà ń fẹsẹ̀ rìn tàbí tó wà lórí kẹ̀kẹ́, onímọ́tò àti ilé iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ ló máa sanwó, kódà kó jẹ́ pé ọmọ náà ló já lu títì. Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ ni: ó lè gbàgbé, ó lè máa lé bọ́ọ̀lù. Àgbà tó wà nídìí ọkọ̀ ló yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọn ò sì jáwọ́ nínú kíkọ́ ọmọ o. Láti 1932 ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò ojú títì fún àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣì ń ṣe é. Ọmọ nǹkan bí ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá á kọ ti inú ìwé, á sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ káàkiri ìgboro, àwọn àgbà á dúró sí oríta, wọ́n á máa máàkì: ṣé ó na ọwọ́ kó tó yà? Ṣé ó wẹ̀yìn? Ìdánwò yẹn ti wà ní 1971 tí àwọn ọmọ ń kú. Ìdánwò kan náà ni wọ́n ń ṣe ní 2010, ọdún tí iye ọmọdé tó kú sí ojú títì ní gbogbo Netherlands jẹ́ mẹ́rìnlá.

Mẹ́rìnlá ò dáa fún òbí mẹ́rìnlá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí 400.

Ẹgbẹ́ tí Langenhoff fi orúkọ rẹ̀ lélẹ̀ ò sí mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní orúkọ náà ò bá ìgbà mu mọ́, wọ́n sọ ọ́ di Kinderen Voorrang, ìyẹn ni pé kí ọmọdé kọ́kọ́ kọjá. Lẹ́yìn náà ló wọ inú ẹgbẹ́ ńlá tó ń rí sí ààbò ojú títì, àwọn kan náà tó ń fún àwọn ọmọ ní ìdánwò. Tí ẹ bá tún rí fídíò yẹn, ẹ wo ilẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí i pé ọ̀dà ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ náà pupa. Ẹ ó tún rí i, níbi tó ti kọjá ẹnu òpópónà kékeré, pé mọ́tò dúró, ó ń dúró de àwọn ọmọ kí wọ́n kọjá tán, ọmọ tó ń jẹ búrẹ́dì ò sì wo ojú ẹni tó wà nínú rẹ̀ rárá.